Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Àròkọ Aláríyànjiyàn lórí Èdè àti Àṣà láàárín Àwọn Ọ̀dọ́

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó kọ́ bí a ṣe ń kọ àròkọ aláríyànjiyàn. Irú àròkọ yìí máa ń fa ìpalára fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Kì í ṣe pé ó le jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé bí àwọn bá ti pariwo tó, tí àwọn sì pa òwe jọ tó, olùyẹ̀wò yóò gbà fún àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó ń jiyàn dà bí ẹni tó ń rojọ́ níwájú ọba àti ìjòyè. Ẹlẹ́rìí ni wọn yóò bi í, wọn kò ní bi í bí ohùn rẹ̀ ṣe ròkè tó.

Ìbéèrè tí a ó lò nìyí:

"Ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kò lè mú kí èdè àti àṣà Yorùbá wà láàyè láàárín àwọn ọ̀dọ́." Kọ àròkọ lórí èrò rẹ.

A. Yíyẹ ìbéèrè wò

Kí o tó gbé kálàmù, ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì fa ilà sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó gbé e ró. Nínú ìbéèrè yìí, mẹ́ta ni wọ́n.

(i) "Nìkan": Wọn kò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kò wúlò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi gbogbo àròkọ rẹ̀ bú àwọn olùkọ́ ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n ń bi ọ́ ni bóyá ilé-ẹ̀kọ́ tó láti dá ẹrù náà gbé.

(ii) "Wà láàyè": Ohun tó wà láàyè a máa mí, a máa dàgbà, a sì máa yí padà. Èdè tí a tọ́jú sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò sọ kò kú tán, ṣùgbọ́n a kò lè pè é ní alààyè. Rí i dájú pé o sọ ohun tí ìwọ gbà pé "wà láàyè" túmọ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn rẹ yóò ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

(iii) "Àwọn ọ̀dọ́": Ọ̀rọ̀ ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ ni. Má ṣe fi ojú ìwé mẹ́ta ròyìn bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń gbé nígbà láéláé, kí o tó wá fi ìlà méjì péré dárúkọ àwọn ọ̀dọ́.

B. Kíkó kókó ọ̀rọ̀ jọ

Bí a bá fún ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni yóò kọ ọ́ pé ọ̀làjú ti ba àṣà wa jẹ́, pé ọmọbìnrin kì í kúnlẹ̀ mọ́, pé ọmọkùnrin kì í dọ̀bálẹ̀ mọ́. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti sú olùyẹ̀wò. Kò sí irọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí kankan nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ilé ni kí o kọ́kọ́ wò. Ká ní ọmọ Ọ̀sí ni ọ́, tàbí ọmọ Iloffa, Odò-Ọwá, Obbo tàbí Èrúkù. Bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta: Iṣẹ́ wo ni wọ́n mọ ìlú mi mọ́? Ta ni ó kọ́ ta ní iṣẹ́ náà? Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni àwọn oníṣẹ́ náà ń lò tí èmi kò mọ̀? Lọ bá àgbà kan lọ́jọ́ Sátidé, kí o bi í. Kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Ìwé kékeré kan tó kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò wúlò fún ọ ní ìdánwò ju ìwé òwe mẹ́wàá lọ.

Lẹ́yìn náà, wá ẹ̀rí kan láti ilẹ̀ Yorùbá lápapọ̀, àti ọ̀kan láti ilẹ̀ òkèèrè. Bí o bá tò wọ́n bẹ́ẹ̀, láti tòsí dé ọ̀nà jíjìn, òǹkàwé kò ní ṣìnà. Ohun tí o kò bá dá lójú, yálà orúkọ ni tàbí ọdún, fi í sílẹ̀. Àròkọ tó ní ẹ̀rí méjì tó dájú sàn ju èyí tó ní mẹ́fà tí mẹ́rin nínú wọn jẹ́ àgbọ́sọ lọ.

D. Ìlapa èrò

1. Ìfáàrà: ìtumọ̀ ìbéèrè àti èrò tèmi.
2. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣe: kíkọ èdè sílẹ̀, àti ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Ifẹ̀ ní 1970.
3. Ibi tí agbára ilé-ẹ̀kọ́ mọ: àṣẹ ìjọba lè yí padà.
4. Ẹ̀rí láti ìlú wa: àwọn agbẹ́gilére Ọ̀sí àti Odò-Ọwá.
5. Ohun tó wà láàyè a máa yí padà: Bándélé àti Fákẹ́yẹ.
6. Ẹ̀rí láti òkèèrè: àwọn Māori.
7. Ohun tí ẹni tó takò mí lè sọ, àti èsì mi.
8. Ìgúnlẹ̀: ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe.

E. Àpẹẹrẹ àròkọ

Àròkọ yìí gùn ju èyí tí o nílò ní gbọ̀ngàn ìdánwò lọ. A jẹ́ kó gùn kí o lè rí bí a ṣe ń fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀. Ka iye ọ̀rọ̀ tí ìwé ìbéèrè rẹ bá béèrè, kí o sì gé tìrẹ mọ ìwọ̀n.

ILÉ-Ẹ̀KỌ́ NÌKAN KÒ LÈ MÚ KÍ ÈDÈ ÀTI ÀṢÀ YORÙBÁ WÀ LÁÀYÈ LÁÀÁRÍN ÀWỌN Ọ̀DỌ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n òwe yìí kò sọ ẹni tí yóò kọ́ ọmọ náà. Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí Yorùbá bá ti wà lára iṣẹ́ tí à ń ṣe ìdánwò lé lórí, kò lè parun. Èmi gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ ní ipa ńlá láti kó, ṣùgbọ́n kò lè dá a ṣe. Èdè tó wà láàyè ni èdè tí ènìyàn fi ń ṣe nǹkan: tó fi ń ná ọjà, tó fi ń kọ́ iṣẹ́, tó fi ń bá ìyá rẹ̀ àgbà ṣeré. Níbi tí ọ̀dọ́ kò bá ti fi èdè ṣe nǹkan kan mọ́, máàkì tó gbà nínú ìdánwò kò lè mú un sọjí.

Kí n kọ́kọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé lórí ọ̀rọ̀ àti gírámà Yorùbá ní 1843, iṣẹ́ àwọn akọ̀wé àti olùkọ́ ni ó sọ èdè wa di èdè tí a lè kà kárí ilẹ̀. Ìlànà àkọtọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ sí ní 1974 ni ó jẹ́ kí ọmọ Iloffa àti ọmọ Abẹ́òkúta lè ka ìwé kan náà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹni tó bá ní Yorùbá ń dí ọpọlọ ọmọ, ẹ̀rí ti já a nírọ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ni ilé-ẹ̀kọ́ wà, ohun tí ìjọba bá sì fún ni, ìjọba lè gbà á. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti pa ìlànà náà tì, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín àṣẹ méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni èdè wa rọ̀ mọ́, ìkéde kan ṣoṣo ti tó láti já okùn rẹ̀. Ìyá àgbà tó ń pa àlọ́ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò dúró de ìfọwọ́sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo tòsí. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Oke-Ero ní ìpínlẹ̀ Kwara, iṣẹ́ ọnà igi ni ó gbé orúkọ wa dé ibi gbogbo. Ní Ọ̀sí ni Aréògún gbé, ẹni tó kú ní 1954. Ní agbègbè Odò-Ọwá ni Bámigbóyè gbé, ẹni tó kú ní 1975. Àwọn ni wọ́n gbẹ́ àwọn ère ńláńlá tí wọ́n máa ń gbé rù nígbà ọdún Ẹpa. Igi kan ṣoṣo ni wọn yóò gbẹ́ tí yóò di jagunjagun lórí ẹṣin pẹ̀lú àwọn tó yí i ká. Àwọn agbẹ́gilére ní orúkọ fún ìpele iṣẹ́ wọn. Ọnà lílé ni ìgbà tí wọ́n bá ń gé igi kí ìrísí ère lè hàn. Àlétúnlé ni ìgbà tí wọ́n bá tún un gbẹ́ kí ojú, apá àti ẹsẹ̀ lè yọ. Dídán ni ìgbà tí wọ́n bá ń mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Fínfín ni ìgbà tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ ya irun, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ. Ọmọ-iṣẹ́ kò kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yìí lójú pátákó. Ó gbọ́ wọn lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun náà. Lọ́jọ́ tí ẹni ìkẹyìn bá gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìkọ́ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ náà nìkan kọ́ ni yóò kú. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn náà yóò bá a lọ.

Àwọn kan lè ní ìgbà ti yí padà, ta ló tún ń gbẹ́ ère? Òótọ́ ni pé ìgbà yí padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Bándélé ọmọ Aréògún gbẹ́nà ní ibi iṣẹ́ tí àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll, dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì ní 1947. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ère inú ìtàn Bíbélì ni wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ère Ẹpa náà ni wọ́n sì fi ń gbẹ́ ẹ. Ọ̀dọ̀ Bándélé ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, àjọ UNESCO sì dá a lọ́lá ní 2006 kó tó di olóògbé ní 2009. Nítorí náà, kò sí ìdí fún ọ̀dọ́ láti bẹ̀rù pé bí òun bá kọ́ iṣẹ́ ìbílẹ̀, òun ti fi ẹ̀sìn òun sílẹ̀. Bámigbóyè pàápàá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní iṣẹ́ ọnà ní Òmù-Àrán ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940. Ilé-ẹ̀kọ́ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, oníṣẹ́ ni ó sì gbé iṣẹ́ wọlé. Méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀.

Lónìí, ọ̀kan lára àwọn ère Ẹpa ńlá tí Bámigbóyè gbẹ́ wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà. Láti 2022 di 2023, Yunifásítì Yale pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún aráyé wò. Ohun ìwúrí ni. Síbẹ̀, ó yẹ kí ó dun ọmọ Odò-Ọwá pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ Amẹ́ríkà mọ iṣẹ́ baba ńlá òun ju òun lọ. A lè fi gíláàsì bo ère kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Èdè kò ṣeé fi gíláàsì bò. Ẹnu ènìyàn nìkan ni àpótí rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn Māori, àwọn onílẹ̀ ní Niu Silandi, rí i pé èdè wọn ń kú lọ lẹ́nu àwọn ọmọdé. Ní 1982, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ibi ìtọ́jú ọmọdé kan tí wọ́n pè ní kōhanga reo, èyí tó túmọ̀ sí ìtẹ́ èdè. Àwọn ìyá àgbà àti baba àgbà tó gbọ́ èdè ni wọ́n kó wá sí ibẹ̀ láti máa bá àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ẹ̀kọ́ í lọ jẹun, kọrin, kí wọ́n sì máa bá wọn ṣeré, Māori nìkan ni wọ́n sì ń sọ. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1987, òfin sọ èdè Māori di èdè ìjọba. Àwọn ará Samoa tó ń gbé ní ilẹ̀ náà dá irú ibi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwọn. Ẹ kíyè sí i pé ẹnu àgbà àti etí ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ so pọ̀. Òfin ló tẹ̀lé e.

Ẹni tó takò mí lè sọ pé ilé tí mo ń yìn yìí gan-an ti yí padà. Yóò ní àwọn òbí pàápàá ni wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ wí, pé àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀sí àti Iloffa ti kó lọ sí Ìlọrin, Èkó àti Àbújá, ta ni yóò wá kọ́ ta? Òótọ́ ni ó sọ, n kò sì ní jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn gan-an tí a kò fi lè gbé gbogbo ẹrù náà ka orí olùkọ́ kan tí ó ní ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí ilé bá ti ń jò, orule là ń tún ṣe, a kì í kó gbogbo ẹbí lọ sùn sí ilé aládùúgbò.

Ní ìgúnlẹ̀, ohun mẹ́ta ni mo rí tó yẹ ní ṣíṣe. Èkíní, kí òbí máa fi Yorùbá bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé, yálà Ọ̀sí ni wọ́n ń gbé tàbí Àbújá, kí ọmọ sì máa fi Yorùbá bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Èkejì, kí ilé-ẹ̀kọ́ máa pe alágbẹ̀dẹ, agbẹ́gilére, aláró àti àgbẹ̀ wọ kíláàsì, kí wọ́n fi èdè iṣẹ́ wọn ṣàlàyé iṣẹ́ wọn. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ nǹkan kan lọ́wọ́ àgbà kan, kí ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ilé, ilé-ẹ̀kọ́ àti oníṣẹ́ bá pawọ́ pọ̀, ìkéde kan kò ní lè pa èdè wa lẹ́nu mọ́.

Ẹ. Àkíyèsí lórí àròkọ yìí

1. Wo ìpínrọ̀ kejì. Kí òǹkọ̀wé tó takò ilé-ẹ̀kọ́, ó kọ́kọ́ gbà pé ó ṣe rere, ó sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Ẹni tó bá yin alátakò rẹ̀ níbi tó yẹ, a máa gbà á gbọ́ nígbà tó bá bá a wí.

2. Wo bí ó ṣe lo àwọn orúkọ ìpele iṣẹ́ ọnà. Kò sọ lásán pé "ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń sọnù". Ó dárúkọ mẹ́rin, ó sì ṣàlàyé wọn. Ẹ̀rí mẹ́rin tí a rí sàn ju ogún tí a kò rí lọ. Bí iṣẹ́ ìlú tìrẹ bá jẹ́ aṣọ híhun, ìkòkò mímọ tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kí o lò. Má ṣe kọ́ ti agbẹ́gilére yìí sórí lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò.

3. Òwe tòótọ́ méjì péré ni ó wà nínú àròkọ náà. Ọ̀kan ṣí i, èkejì wà ní ìgúnlẹ̀. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá di ẹṣin mẹ́wàá mọ́ ẹrù kan, ibi tí yóò dé kò ní yé ẹnikẹ́ni.

4. Ìgúnlẹ̀ kò kàn tún ọ̀rọ̀ iwájú sọ. Ó sọ ohun tí òbí, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́la.

F. Ẹ̀ka-èdè àti àkọtọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kan akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè wa gan-an. Ní gbọ̀ngàn ìdánwò, Yorùbá àjùmọ̀lò ni kí o kọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-èdè Èkìtì, fáwẹ̀lì "u" lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, a sì máa ń gbọ́ "ulé" àti "ugbá". Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, "u" kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nítorí náà "ilé" àti "igbá" ni kí o kọ. Bákan náà ni "eó" tí ó jẹ́ "owó".

Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé nítorí pé a kò kọ ẹ̀ka-èdè rẹ ní ìdánwò, kò níyì. Wo orúkọ Aréògún. A ti ṣàlàyé rẹ̀ pé ẹni tó rí "eó" nípasẹ̀ iṣẹ́ Ògún ni, nítorí irin ni irinṣẹ́ agbẹ́gilére, Ògún ló sì ni irin. Ẹni tí kò bá gbọ́ ẹ̀ka-èdè Èkìtì kò lè rí owó inú orúkọ yẹn. Máa sọ ẹ̀ka-èdè rẹ nílé, kí o sì kọ àjùmọ̀lò nínú ìwé. Ẹni tó mọ méjèèjì ló ní èrè jù.

Ní ti àkọtọ́, ìlànà 1974 ni kí o tẹ̀lé. Kọ "ayé", má kọ "aiye". Kọ "ènìyàn", má kọ "enia". Kọ "yóò", má kọ "yio". Kọ "ẹyẹ", má kọ "ẹiyẹ". Ìlànà yìí kò gba kí a kọ kọ́ńsónáǹtì kan náà léra wọn. Síbẹ̀, àwọn orúkọ ìlú bí Iloffa àti Obbo ṣì wà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìjọba, a sì fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀. Fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ rẹ, pàápàá níbi tí ìtumọ̀ lè dàrú: "ọnà" ni agbẹ́gilére ń ṣe, "ọ̀nà" ni à ń tọ̀.

G. Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ka àròkọ òkè yìí lẹ́ẹ̀kan sí i. Fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ èrò tí òǹkọ̀wé dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

2. Jẹ́ alátakò. Kọ ìpínrọ̀ méjì láti fi hàn pé ilé-ẹ̀kọ́ tó láti mú kí èdè wà láàyè. Lo ẹ̀rí kan tí kò sí nínú àpẹẹrẹ wa.

3. Lọ bá àgbà kan tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan. Kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó jẹ mọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Kí i dáadáa kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè, kí o sì dúpẹ́ nígbà tó bá parí.

4. Kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí:
(a) Ó yẹ kí a máa fi èdè abínibí kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ni èrò rẹ?
(b) Kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń gbé ní Àbújá, kí o sì sọ ìdí tó fi yẹ kí ó máa fi Yorùbá bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.
(d) Iṣẹ́ ọwọ́ kan tí wọ́n mọ ìlú mi mọ́.

Bí o bá yan (b), rántí pé ẹ̀gbọ́n ni o ń kọ̀wé sí. "Ẹ" àti "yín" ni kí o lò, má ṣe lo "o" àti "rẹ". Bọ̀wọ̀ fún un láti ìkíni títí dé ìparí, ṣùgbọ́n má ṣe tìtorí ọ̀wọ̀ fi òótọ́ ọ̀rọ̀ pamọ́.